Ilé Kẹtàdínlógún Nínú Odò

Ní ọjọ́ Àìkú tí òjò oṣù Aṣar bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ Dulauri kúrò lára àwọn erékùṣù yanrìn tí ọkọ̀ ìjọba yóò ti kó èèyàn kí omi tó kún. Igba èèyàn ó lé mẹ́rìnlá ló ń gbé Dulauri. Ìwé tó yọ wọ́n sọ pé kò sí ilé kankan níbẹ̀. Èmi, Lutfa, ni mo tẹ ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ di ìwé náà.

Ẹni tí ọkọ̀ yẹn kò bá gbé, kò ní àyè ní ibùdó orí òkè, kò sì ní ìpín oúnjẹ títí omi yóò fi fà. Létí odò Brahmaputra, lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì ni kí n máa bi ẹ̀rọ kan léèrè ọ̀rọ̀. Ìránṣẹ́ là ń pè é. Kì í ṣe èèyàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè. Wàá kọ ìbéèrè sí i bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Yóò lọ sínú àká máàpù ní olú-ìlú, yóò yẹ ohun tó wà níbẹ̀ wò, yóò sì mú ìdáhùn bọ̀. Máàpù ọ̀hún wà ní ìpele-ìpele, bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a tẹ́ lé ara wọn lórí: ìpele omi, ìpele ọ̀nà, ìpele oko, ìpele ilé. Ìránṣẹ́ lè ka gbogbo rẹ̀. Kò lè yí ẹyọ kan padà. Ìlẹ̀kùn ìbéèrè nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ náà mo béèrè iye ilé tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan. Ó ní Gobindi ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó ní Baliadoba ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ní Dulauri ní òdo. Lẹ́yìn òdo yẹn, ó fi ìlà kan kún un tí mi ò béèrè, ohun tí kò ṣe rí: "Ṣé kí n wá wọn níbi tí wọ́n wà?"

Kí n tó mu tíì mi tán, Ọ̀gá Mozaharul, olórí ọ́fíìsì wa, ti tẹ ìwé jáde, ó ti fọwọ́ sí i, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tí mo sọ fún un pé Dulauri kò ṣófo.

Mo mọ̀ pé kò ṣófo, nítorí èmi fúnra mi ni mo kà á. Nígbà òtútù tó kọjá, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rìn ín já pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, láti ilé dé ilé, mọ́kànlélógójì. Mo jẹ ìrẹsì tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú pẹ̀lú ata sísun nílé Tohura Bewa, opó kan tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jhinuk. Mi ò sọ fún un pé ebi ń pa mí. Ó kàn rí i pé ètè mi ti gbẹ, ó sì bu abọ́ kan wá. Èèyàn kì í jẹ ìrẹsì nílé òdo.

Nígbà tí ọ̀gá lọ kírun ọ̀sán, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì kọ ọ́ sí Ìránṣẹ́ pé: "Wá wọn."

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Fáànù ń yí lókè, ó ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé pé: "Mo rí ilé mọ́kànlélógójì. Gbogbo wọn wà nínú odò, ní máìlì kan àbọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí mo ṣe.

Odò wa a máa jẹ ilẹ̀. Á jẹ abúlé kan lónìí, á lọ pọ iyanrìn rẹ̀ jọ síbòmíràn, àwọn tó kù á tú páànù ilé wọn, wọ́n á sì lọ tún un kàn sórí iyanrìn tuntun. Ṣùgbọ́n bí o bá bi ọmọ erékùṣù pé níbo ni ilé rẹ̀ wà, kò ní nawọ́ síbi tó ń sùn. Yóò mú ọ lọ sétí omi, yóò na ìka sí ojú odò, síbi tí ilé bàbá rẹ̀ wà kí omi tó gbé e. Ibi tó ń sùn kàn jẹ́ ibùwọ̀. Ibi tí sàréè àwọn bàbá rẹ̀ wà ni ilé, torí pé lọ́jọ́ tí ilẹ̀ yẹn bá tún yọ lójú omi, ìka tí kò yé nà sí i yẹn ni ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo tó ní lórí rẹ̀. Ọmọ erékùṣù lèmi náà. Bàbá mi nawọ́ sí ojú odò títí tó fi kú. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Dulauri nawọ́, mi ò jiyàn. Mo gbé àmì ilé kọ̀ọ̀kan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, mo sì fi í síbi tí ìka wọn dojú kọ. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún wọn.

Ní olú-ìlú, wọ́n ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé ilé yòówù tó bá bọ́ sórí ìpele omi, àṣìṣe ni, kó fò ó dá.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá nígbà tó dé. Ó wò mí títí, ó ní, "Lutfa, ṣé ilé ẹja lo lọ kà ni?" Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó fi sùúrù ṣàlàyé pé wọ́n ti ti ìpele ilé pa títí òjò yóò fi dá, pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun, pé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú.

Lọ́jọ́ Ajé, Tohura Bewa wọ ọkọ̀ wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó gbẹ bí ẹ̀ka igi, ewé pan tó máa ń jẹ bí obì kì í sì í kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò jókòó sórí àga tí mo gbé fún un. Ó ní wọ́n ti ri àsíá pupa, àmì ibi tí ọkọ̀ yóò ti kó èèyàn, mọ́lẹ̀ ní Gobindi, wọ́n ti rì í ní Baliadoba, ọkọ̀ àwọn tó ń rì í sì kọjá níwájú Dulauri láì dín eré kù.

"Lutfa, ọmọ mi," ó ní, "ṣé à ń rùn ni?"

Mo ṣàlàyé fún un, látorí ìka tí wọ́n nà dórí òdo tí ẹ̀rọ kọ. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò bú mi. Ó kàn fi imú rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Nígbà tí o ní kí n fi ilé mi hàn ọ́, kí lo fẹ́ kí n nawọ́ sí? Páànù témi àti ewúrẹ́ jọ ń sùn sí?" Ó wá kọjú sí kọ̀ǹpútà. "Nǹkan yìí, ó mọ ilé mi?"

Mo ní ó mọ̀ ọ́n.

"Ó dáa. Bi í pé ta ló wà nílé."

Mo kọ ìbéèrè náà, kí n lè tẹ́ ẹ lọ́rùn lásán ni. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo rí i pé àwọn bọ́tìnnì abẹ́ ìka mi rin gbindin, bí ìgbà tí ẹnìkan ti fi ọwọ́ tútù tẹ̀ wọ́n ṣáájú mi. Òórùn kan gba yàrá náà kan, òórùn ẹrẹ̀ tó máa ń rú sókè nígbà tí bèbè odò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ìdáhùn sì dé.

"Ilé kẹtàdínlógún. Olórí ilé: Tohura Bewa. Àwọn tó wà nílé: mẹ́ta. Abed Ali, Roushon, Hasna. Ìgbà tí a tún àkọsílẹ̀ yìí ṣe gbẹ̀yìn: òwúrọ̀ òní. Wọ́n ti tẹ́ ẹní. Wọ́n ń retí ẹni méjì."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn méjì ni mo kọ sí ilé yẹn nígbà òtútù, Tohura àti Jhinuk. Àyè kò tilẹ̀ sí nínú fọ́ọ̀mù wa fún orúkọ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ti olórí ilé. Kò sí àyè fún ẹní títẹ́.

Tohura kò mọ̀wé kà. Mo lè parọ́ fún un, kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti parọ́ fún un tó, mo sì kà á sí i létí bó ṣe wà.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró. Ó ní kí n tún orúkọ obìnrin yẹn pè.

"Hasna," ni mo wí.

"Ìyá Jhinuk nìyẹn." Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ní yàrá kejì. "Roushon lọmọ mi. Abed Ali lọkọ mi."

Ó wá jókòó, ó sì sọ fún mi. Ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, odò jẹ Dulauri àtijọ́ láàárín ìrun ọ̀sán sí ìrun alaasari. Àwọn tó sáré dé inú ọkọ̀ yè. Òun ń já ata lóko lápá ibi tí ilẹ̀ ga, Jhinuk, ọmọ ọdún kan, wà lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló bá omi lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan fi ọkọ̀ ńlá dé pẹ̀lú ìwé, wọ́n ní kí wọ́n kó òkú wá kí àwọn kà á. Odò kò dá ẹyọ òkú kan padà. Àwọn èèyàn náà wá kọ ọ́ síwèé pé kò sí ẹni tó kú ní Dulauri, wọ́n sì lọ. Kò sí sàréè, kò sí ìrun òkú, kò sí iye.

Nígbà tó dákẹ́, mo bi Ìránṣẹ́ ní ìbéèrè kan sí i. Mo ní kó bá mi ro gbogbo àwọn tó wà nínú ilé mọ́kànlélógójì náà pọ̀.

"Àwọn tó wà nílé: mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Àwọn tí wọ́n ń retí: igba ó lé mẹ́rìnlá."

Mo bi í pé ta ló ń tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Ó ní: "Àwọn onílé."

Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń dáhùn ohun gbogbo dá mi lóhùn pé: "Mi ò lè yí nǹkan kan padà. Ìbéèrè nìkan ni mo lè bi wọ́n."

Mo sáré pe ọ̀gá. Ó wá, ó tẹ ìbéèrè tirẹ̀, èyí tó wà nínú ìwé ìlànà: ilé mélòó ló wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ ní Dulauri? Òdo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó béèrè ẹni tó wà nínú ilé kẹtàdínlógún. Ó wo Tohura, ó wò mí, ó ní iṣẹ́ ọ́fíìsì lòun wá ṣe, òun ò wá gbọ́ àlọ́. Mi ò lè dá a lẹ́bi jù. Ohun tí èèyàn bá béèrè náà ni ẹ̀rọ yẹn ń fún un. Kò sì sí ẹni tó tíì béèrè nípa àwọn ará Dulauri rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé ọ́fíìsì ṣáájú gbogbo èèyàn. Mo ń bi Ìránṣẹ́ léèrè ilé kan tẹ̀lé ìkejì. Kò sí ohun tó yí padà títí mo fi dé ilé kẹsàn-án, ilé Foyez Mandal, bàbá apẹja kan tó máa ń pè mí ní Ìyàwó Kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà nílé yẹn lánàá, ìyàwó rẹ̀ àkọ́fẹ́. Òwúrọ̀ yìí, ó di méjì.

"Foyez Mandal ti dé. Wọ́n ti gba aṣọ ìwẹ̀ tútù lọ́rùn rẹ̀."

Mo pe fóònù Tohura. Jhinuk ló gbé e. Mo bi í pé níbo ni Bàbá Foyez wà.

"Ẹ̀gbọ́n Lutfa, ta ló sọ fún yín? A ṣì ń wá wọn ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi omi ṣanra. Aṣọ wọn wà ní bèbè, wọ́n ká a dáadáa. Omi ibẹ̀ ò sì ju orókún lọ."

Mi ò mọ ohun tí mo sọ fún un kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní kí Ìránṣẹ́ tún un rò. Àwọn tó wà nílé: méjìdínlọ́gọ́ta. Àwọn tí wọ́n ń retí: igba ó lé mẹ́tàlá.

Ọ̀rọ̀ Foyez Mandal ló yí ọ̀gá lọ́kàn padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi. Bí ẹnìkan bá kú sómi ní erékùṣù tí ìwé rẹ̀ ní kò sí ẹnikẹ́ni, wọ́n lè bi í léèrè. Ó kọ̀wé sí olú-ìlú. Èsì dé lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kan. Wọ́n ní àwọn lè ṣí ìpele ilé díẹ̀, kí wọ́n gbé àmì kúrò nínú omi sórí iyanrìn, bí olórí ilé kọ̀ọ̀kan bá lè tẹ̀ka sí i pé ibi tí òun tọ́ka sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ilé òun, kò ní jẹ́ ilé òun láéláé, òun kò sì ní ohunkóhun tàbí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo ka ìwé náà títí ojú mi fi ń ta mí. Kò sẹ́ni tó ní kí ará Gobindi sẹ́ bàbá rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbé e. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, àwọn ni yóò fi ilẹ̀ àti òkú wọn san án. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá, mo sì gbé ohùn sókè, ohun tí mi ò ṣe rí lójú àgbà. Ó ní tí mo bá ní ọ̀nà mìíràn, kí n mú un wá. N kò ní.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé tàdáwà ìtẹ̀ka lọ sí Dulauri. Wọ́n pé jọ níwájú mọ́ṣáláṣí onípáànù. Mo ka ìwé náà sí wọn létí, mi ò fi ohunkóhun pamọ́, títí kan ohun tí ẹ̀rọ ń sọ. Ìyàwó Foyez kejì ló kọ́kọ́ dìde. Ó tẹ̀ka, ó ní, "Ẹni tó bá gbé ọkọ mi, kó fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀." Lẹ́yìn náà àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tẹ̀ka láìwo ojú mi. Bàbá kan kọjú sí odò kó tó tẹ̀ ẹ́, ó ṣe sálámà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ń lọ sétí omi láti ṣan tàdáwà lọ́wọ́. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kì í pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ti ọwọ́ bọ omi náà. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, atẹ́gùn tutù, ṣùgbọ́n omi etí bèbè lọ́ wọ́ọ́wọ́, bí omi tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún àlejò.

Ogójì ilé tẹ̀ka. Tohura Bewa kò tẹ̀ ẹ́. Jhinuk, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, tó ga ju ìyá àgbà rẹ̀ lọ, dúró tì í pẹ̀lú ìbínú.

"Ìyá àgbà, ìka kan ṣoṣo ni. Ẹ̀ ń bá ewúrẹ́ ṣàdéhùn lójoojúmọ́, ẹ ò lè bá ìwé ṣe é."

"Ewúrẹ́ mọ̀ mí," ni Tohura fèsì. Ó ní òun yóò wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Àìkú. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sáwọn ilé yòókù.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìwé orúkọ àwọn tí ọkọ̀ yóò gbé pa, ní aago méjì ọ̀sán. Ọkọ̀ yóò gbéra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní òwúrọ̀, olú-ìlú ti gbé àwọn àmì náà. Mo béèrè, Ìránṣẹ́ sì ní ilé ogójì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ ní Dulauri. Ọ̀gá yọ̀, ó ra tíì fún gbogbo ọ́fíìsì. Ó ní kí n rí i pé sùúrù ló ń ṣe é. Àsíá pupa ti dé erékùṣù náà nígbà yẹn. Mo gbìyànjú láti bá a yọ̀.

Tohura àti Jhinuk wọlé nígbà tí aago kan ti kọjá. Aṣọ wọn ń kán omi sílẹ̀. Tohura dúró sẹ́yìn àga mi, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Bi í," ó ní.

Mo bi í pé ilé mélòó ló kù nínú odò, àti ta ló wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì abẹ́ ìka mi kò kàn rin lọ́tẹ̀ yìí. Omi wà láàárín wọn.

"Ilé kan. Ilé kẹtàdínlógún. Olórí ilé: Tohura Bewa. Àwọn tó wà nílé: méjìdínlọ́gọ́ta." Lẹ́yìn náà ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Abed Ali. Roushon. Hasna. Ìyàwó Foyez àkọ́fẹ́. Foyez Mandal. Bàbá tí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé, tí ọjọ́ orí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Lẹ́yìn orúkọ ìkẹyìn, ó kọ ọ́ pé: "Àwọn yòókù kò nílé mọ́, wọ́n ti wá síbí. Àyè há. Wọn kò retí ẹlòmíràn mọ́ àfi ẹni méjì. Wọ́n ní kí onílé jọ̀wọ́ má ti ìlẹ̀kùn."

Mo kà á fún un. Jhinuk mú apá mi, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Kò tíì rí orúkọ ìyá rẹ̀ lójú ìwé rí.

Tohura ń wo orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ tí kò lè kà. "Ìwọ lo fún wọn nílé, Lutfa," ó ní. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọn ò fi níbi tí wọ́n á jókòó sí. Ìwọ lo na ìka rẹ sí i, tí o ní ilé nìyí. Wọ́n gbà ọ́ gbọ́."

Ohun tí mo fi ọ̀wọ̀ ṣe nígbà òtútù, òun ni mo ń wò yẹn.

Ọ̀gá Mozaharul ti dé ẹ̀yìn wa. Bóyá ó rí orúkọ wọ̀nyẹn, bóyá kò rí wọn. Kò wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ́. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó ṣí tàdáwà, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Màmá, aago méjì ti fẹ́ lù. Òkú kì í wọ ọkọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Tohura bi mí léèrè, kò bi í. "Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mélòó ni wọn yóò kù?"

"Òdo, Ìyá."

"Bíi tìgbà yẹn."

"Bíi tìgbà yẹn."

Ó mi orí. Ó yíjú sí ọ̀gá, kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàyè ní mi ò sí. Àwọn tí kò sí ní mo wà, wọ́n sì tẹ́ ẹní dè mí. Ọ̀gá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Mo sọ fún Tohura pé yàrá kan ni mo háyà nígboro, pé kí òun àti Jhinuk wá bá mi gbé títí omi yóò fi fà. Ó ní oúnjẹ èèyàn mẹ́ta kò sí nínú owó oṣù mi, òun sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, kó jọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ ara mi pé bí ọ̀gá ni mo ń sọ̀rọ̀. Ojú tì mí. Ó fọwọ́ kan èjìká mi bí ẹni pé èmi ni wọ́n ṣe ibi sí.

Ó wá béèrè bóyá wọ́n lè kọ ilé tuntun, ilé tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni, bí olórí rẹ̀ bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó sì ń gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ́ olórí ilé kan kò lè wọ inú òmíràn.

"Kọ ọ́," ni Tohura wí.

Jhinuk lóye rẹ̀ ṣáájú mi. Ó ní òun ò ṣe, òun ò dá ilé ní, òun ò dá ọkọ̀ wọ̀. Tohura kò bá a jiyàn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìgbà tí èèyàn di ọwọ́ ọmọdé mú láti gé èékánná rẹ̀, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sínú tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ilé kejìlélógójì, Dulauri. Olórí ilé: Jhinuk, ọmọ Roushon àti Hasna. Èèyàn: ẹnìkan. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìka ọmọ náà mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ó ká fọ́ọ̀mù kejì, tirẹ̀, tí kò tẹ̀, ó sì tì í padà síwájú ọ̀gá.

Ó fi Jhinuk sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi nínú òjò, ó wọ ọkọ̀ padà sí Dulauri, láti lọ dúró de omi, àti àwọn àlejò méjìdínlọ́gọ́ta tó wà nílé rẹ̀.